Kí Ló Wà Nínú Páálí Yìí? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Kíkó Àwo BTS Jọ àti Gbígbé Wọn Yẹ̀ Wò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin àgbà tó wà láàárín wa, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ tẹ̀lé ọmọ yín wá, tẹ́ ẹ fẹ́ fojú ara yín rí ohun tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ṣé, ẹ kú sùúrù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ àlùkò, mo ti rí yín láti ẹnu ọ̀nà. Mo mọ ìdí tẹ́ ẹ fi wọ̀ ọ́: àwọ̀ àwọn olólùfẹ́ BTS nìyẹn.

Mo kó páálí mẹ́rin dání. Wọ́n wà lórí tábìlì yẹn, mo fi aṣọ bò wọ́n. Ẹ má tíì ṣí wọn o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Àpótí bàbá mi

Bàbá mi ní àpótí kan nínú pálọ̀ wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ló kún inú rẹ̀ bámúbámú: Ebenezer Obey, Sunny Adé, Haruna Ìṣọ̀lá, àti àwọn mìíràn tí n ò rántí mọ́. Ọmọ kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpótí yẹn láìfọ ọwọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ á fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́, á nù ún gbẹ, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di etí àwo mú bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Bí orin bá ti ń lọ, á na páálí rẹ̀ sí mi, á ní, "Kà á fún mi." Màá ka ẹ̀yìn rẹ̀ sókè: ta ló lu gángan, ta ló ta gìtá, ta ló ya fọ́tò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àwo orin kì í ṣe oúnjẹ etí nìkan. Ojú ń jẹ níbẹ̀. Ọwọ́ náà ń jẹ níbẹ̀.

Nígbà tí mo dàgbà, tí gbogbo orin kó wọ inú fóònù, mo rò pé ìyẹn ti tán nìyẹn. Àfi ìgbà tí àbúrò mi obìnrin gbé páálí funfun kan wọlé lọ́dún 2017. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọwọ́ kàn án ná." Love Yourself: Her ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ mi ò tíì kúrò lára àwọn páálí yẹn títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ àwọn tó ni orin fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ wọ́n. Ọmọkùnrin olórin méje láti Kòríà ni BTS: RM, Jin, Suga, J-Hope, Jimin, V àti Jung Kook. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2013 ni wọ́n jáde, lábẹ́ Big Hit Entertainment, ilé-iṣẹ́ tí Bang Si-hyuk dá sílẹ̀ ní 2005. Láti ìparí ọdún 2022 títí di 2025, wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ ológun tí òfin ilẹ̀ wọn fi dandan lé ọkùnrin lórí, ọ̀kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Ní àwọn ọdún yẹn, nígbà tí kò ṣeé ṣe kí a rí àwọn méjèèje pọ̀ lórí ìtàgé, páálí ló wà lọ́wọ́ wa. Mo máa ń ṣí wọn lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka lẹ́tà àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: kí ló wà nínú rẹ̀?

Mo bi yín o: ẹni mélòó nínú wa ló ṣì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ síídì nílé? Ẹ nawọ́. Mẹ́ta. Mẹ́rin, ẹ jọ̀ọ́, màmá tó wà lẹ́yìn. Ẹni mélòó ló ní àwo BTS nílé? Ẹ wo ọwọ́! Ṣé ẹ rí i báyìí? Àwọn èèyàn ń ra síídì, wọn ò sì ní ohun tí wọ́n máa fi gbọ́ ọ. Ẹni tí ò bá mọ̀ á ní wọ́n ń ṣe wèrè. Wọn ò ṣe wèrè.

Ìgbà tí ọ̀pọ̀ ayé ti ń pa síídì tì, àwọn ará Kòríà sọ ọ́ di ìwé. Tẹ́ ẹ bá ṣí páálí kan, ìwé fọ́tò ni ẹ máa kọ́kọ́ bá, ó lè tó ọgọ́rùn-ún ojú ìwé tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, bébà rẹ̀ nípọn, ó wúwo lọ́wọ́. Síídì wà nínú rẹ̀ bí ẹyin nínú ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ orin wà níbẹ̀, káàdì kékeré tó ní fọ́tò ọ̀kan nínú àwọn olórin náà wà níbẹ̀, nígbà mìíràn pósítà náà á wà. Àwo kan náà, orin kan náà, wọ́n á tún ṣe é ní ẹ̀yà méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, tí fọ́tò inú ọ̀kan yàtọ̀ sí tèkejì.

Ẹ wo Love Yourself yìí. Àwo mẹ́ta ni. Her jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, Tear ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, Answer ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà. Ẹ̀yà mẹ́rin mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn ò pe ẹ̀yà wọ̀nyẹn ní kìíní, kejì, ẹ̀kẹta. Lẹ́tà ni wọ́n fún wọn. Ti Her ń jẹ́ L, O, V, E. Ti Tear ń jẹ́ Y, O, U, R. Ti Answer ń jẹ́ S, E, L, F. Tẹ́ ẹ bá to méjèèjìlá sórí pẹpẹ, orúkọ gbogbo iṣẹ́ náà ló jókòó síwájú yín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà tó ọdún kan kí gbólóhùn yẹn tó pé. Ẹ fojú inú wo sùúrù ẹni tó jókòó ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́.

Ìtàn kan sì wà níbí tí mo fẹ́ràn gan-an. Ilé-iṣẹ́ ayàwòrán kan ní Seoul tó ń jẹ́ HuskyFox ló ṣiṣẹ́ lórí páálí Tear. Nígbà tí àwọn Grammy, ẹ̀bùn orin ńlá ti Amẹ́ríkà, kéde àwọn tí wọ́n yàn fún ẹ̀bùn tí wọ́n fẹ́ ṣe ní oṣù Kejì ọdún 2019, orúkọ Tear wà níbẹ̀. Ṣé fún orin ni? Rárá o. Fún páálí ni! Wọ́n ní ẹ̀bùn kan tí wọ́n ń fún àwọn tó bá ṣe páálí àwo tó dára jù lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a lórúkọ. Wọn ò gbà á lọ́dún náà, àmọ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó di ìparí ọdún 2020 kí orin BTS fúnra rẹ̀ tó dé orí àkójọ yẹn. Páálí ti ṣáájú orin débẹ̀. Àwo Tear yìí kan náà ni àwo Kòríà àkọ́kọ́ tó wà ní ipò kìíní lórí Billboard 200, ìyẹn àkójọ àwọn àwo tó ń ta jù ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "páálí lásán" lẹ ń kó jọ, ẹ sọ ìtàn yìí fún un.

Kò tán síbẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ Her lórí fóònù, orin mẹ́sàn-án lẹ máa rí. Tẹ́ ẹ bá fi síídì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, tẹ́ ẹ jẹ́ kó máa lọ lẹ́yìn ìkẹsàn-án, nǹkan méjì tún wà níbẹ̀ tí wọn ò kọ sẹ́yìn páálí: ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, àti orin kan tó ń jẹ́ Sea, tó dá lórí òkun àti aṣálẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ti dìde láti lọ pa ẹ̀rọ. Mo dúró gbagidi. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín lórí àga, ó ti mọ̀ látilẹ̀, kò sọ fún mi. Bí wọ́n ṣe ṣe é nínú 2 Cool 4 Skool, àwo àkọ́kọ́ wọn ní 2013, náà nìyẹn. Bí wọ́n ṣe tún ṣe é nínú Proof ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 nìyẹn: orin 48 ló wà nínú síídì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀, 35 péré ló wà lórí fóònù. Ẹni tí ò bá ní páálí, apá kan orin yẹn ò sí nílé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì: báwo la ṣe ń gbé e yẹ̀ wò?

Ibí ni ọkàn mi wà. Ẹ bá mi farabalẹ̀.

Ọ̀pọ̀ fídíò tí à ń wò, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ṣí páálí wọn, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló ń gbà. Ọ̀rá já, páálí ṣí, "Ta ni mo rí? Ta ni mo rí?", káàdì jáde, igbe sọ, ó parí. Ìwé tí ẹlòmíràn fi oṣù mẹ́fà ṣe, wọ́n ṣí i láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹni ń ka owó. Ṣé àgbéyẹ̀wò nìyẹn? Kì í ṣe àgbéyẹ̀wò. Ayọ̀ ni, mi ò sì bínú sí ayọ̀ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi owó oúnjẹ oṣù kan ra nǹkan yẹn ń dúró kẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún un.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé. Mo máa ń gbé páálí lé àtẹ́lẹwọ́ ná, kí n mọ bó ṣe wúwo tó. Mo máa ń fi ìka tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí igun ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Tí mo bá ṣí ìwé fọ́tò, àárín rẹ̀ níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ṣé ó ṣí tán, àbí ó ń ké rárá bí ilẹ̀kùn tó nílò epo? Tí wọ́n bá tẹ fọ́tò kan sórí ojú ìwé méjì, ṣé imú ẹni yẹn ò há sínú àárín? Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti rí i! Ẹ̀dà kan wà tí mo rà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo ṣí i ni ewé méjì já bọ́ sílẹ̀. Mo sunkún díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nínú àgbéyẹ̀wò mi pé gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò dára, ẹni mẹ́ta ló wá sọ fún mi pé tiwọn náà já.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ń kàwé. Bẹ́ẹ̀ ni, kàwé! Nínú àwọn Love Yourself, ìwé kékeré kan wà tí wọ́n pè ní The Notes. Ó dà bí ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méje kọ, ọjọ́ wà lórí rẹ̀, ìtàn sì ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú òmíràn. Ẹni tó wo fọ́tò nìkan ò mọ̀ pé ìtàn wà níbẹ̀. Bákan náà ni àwọn àwo wọn tó ń jẹ́ Map of the Soul. Inú ìwé tí Murray Stein kọ lórí èrò Carl Jung, onímọ̀ nípa ọkàn èèyàn, ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn: ojú tí à ń gbé síta fún aráyé, òjìji tí à ń fi pa mọ́. Tẹ́ ẹ bá mọ ìyẹn kẹ́ ẹ tó ṣí Persona ti ọdún 2019, ẹ ò ní béèrè mọ́ pé kí ni wọ́n ń sá fún nínú àwọn fọ́tò yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi BE ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo ní. Ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni, nígbà tí àrùn Kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n fi jáde lọ́jọ́ náà. Ẹyọ kan! Àwọn ọmọ náà fúnra wọn ló dá sí iṣẹ́ rẹ̀. V ló mójú tó bí gbogbo rẹ̀ ṣe máa rí lójú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ṣe yàrá tirẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ fún fọ́tò tirẹ̀. Tí mo bá ń ṣí ìwé yẹn, ó dà bí ìgbà tí mo ń kan ilẹ̀kùn láti yàrá dé yàrá, tí wọ́n ń sọ pé, "Wọlé." Ní ọdún tí ẹnikẹ́ni ò lè kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni! Páálí tí ìrònú wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Kò nílò ẹ̀yà mẹ́rin.

Proof wá ńkọ́? Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ló bi mí pé, "Àǹtí, ṣé kí n ra Standard àbí Compact?" Mo bi í léèrè pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní orin inú síídì kẹta ni, èyí tí wọ́n kó àwọn orin tí wọn ò tíì parí sí. Mo ní, "Ọmọ mi, síídì mẹ́ta náà ló wà nínú Compact. Ra Compact, fi owó tó kù ra ìwé ilé-ìwé." Standard tóbi, ó rẹwà, ó yẹ fún pẹpẹ, ṣùgbọ́n orin inú rẹ̀ kò fi ẹyọ kan ju ti kékeré lọ. Ẹni tó bá gbé méjèèjì yẹ̀ wò tí kò sọ èyí, kò tíì ṣe àgbéyẹ̀wò kankan.

Ọ̀rọ̀ kẹta: káàdì kékeré tó ń fa wàhálà

Ẹ̀yin òbí, ibi tẹ́ ẹ ti ń dúró dè mí rèé.

Lọ́dún 2010, àwọn obìnrin olórin Kòríà mẹ́sàn-án tó ń jẹ́ Girls' Generation gbé àwo kan jáde tó ń jẹ́ Oh!. Fọ́tò kékeré ọ̀kan nínú wọn wà nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó rà á kò sì mọ èwo ló máa bá pàdé. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ràn bí iná ọyẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí àwo Kòríà tí kò ní in lónìí.

Káàdì yẹn dùn. Mi ò ní parọ́ fún yín. Pàṣípààrọ̀ rẹ̀ ti sọ àjèjì di ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ kan, Jimin tó wà lọ́wọ́ mi àti Suga tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló mú wa mọra. Ṣùgbọ́n nígbà tí èèyàn bá ra páálí mẹ́wàá kó lè rí káàdì kan, kí ló fẹ́ fi mẹ́sàn-án tó kù ṣe? Ní Kòríà, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ yan àwọn tó máa lọ pàdé olórin fún ìbuwọ́lùwé, ẹ̀dà kan jẹ́ àǹfààní kan. Ẹni tó ra ọgọ́rùn-ún ní àǹfààní ọgọ́rùn-ún. Iye tí wọ́n bá tà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ náà ti di ohun ìyangàn láàárín ẹgbẹ́ kan àti èkejì. Map of the Soul: 7, tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2020, tà ju mílíọ̀nù 4 lọ láàárín oṣù kan. Mo yọ̀ nígbà yẹn, mo jó. Lónìí mo máa ń bi ara mi pé mélòó nínú mílíọ̀nù mẹ́rin yẹn ni ẹnì kan ṣí, tó kà.

Lọ́dún 2024, wọ́n bá páálí páálí àwo Seventeen, ẹgbẹ́ olórin Kòríà mìíràn, tí wọ́n dà sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Shibuya, ní Tokyo, kí ẹni tó bá wù ú máa mú. Àwọn tó rà wọ́n ti yọ ohun tí wọ́n fẹ́. Nígbà tí mo rí fọ́tò yẹn, bàbá mi ló sọ sí mi lọ́kàn, àti ọwọ́ rẹ̀ tó ń rùn fún ọṣẹ. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, àmọ́ àwọn yìí ò ru igbá délé, ojú títì ni wọ́n gbé e sí.

Inú mi dùn pé àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn ló kọ́kọ́ pariwo. Láti 2021 ni àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Kpop4Planet ti ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ike àti bébà tó ń ṣòfò. J-Hope náà gbé Jack in the Box jáde ní oṣù Keje ọdún 2022 láìsí síídì nínú rẹ̀: káàdì ni, èèyàn á fi fóònù rẹ̀ gba orin. Ó fúyẹ́, ó mọ́. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi, kò tó mi. Mo ṣí i, ó tán. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2023 pẹ̀lú síídì àti ìwé fọ́tò, mo rà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé kì í ṣe kí a máà rà ni ọ̀rọ̀ mi. Ẹyọ kan, ká mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn.

Mo sì bẹ̀ yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ àgbéyẹ̀wò: ẹ má fi káàdì díwọ̀n àwo. "Mi ò rí ẹni tí mo fẹ́, máàkì márùn-ún nínú mẹ́wàá." Kí ni ayàwòrán ṣe fún yín? Kí ni ẹni tó kọrin ṣe fún yín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Èyí ò ní pẹ́. Owó tí wọ́n ń gbà láti fi ọkọ̀ òfuurufú gbé àwo wá lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó àwo fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ kó ara yín jọ márùn-ún mẹ́fà, kẹ́ ẹ rà á pa pọ̀, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ ẹni tó ṣeé fọkàn tán gbà á. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Lára ọ̀pọ̀ ojúlówó àwo Kòríà, ẹ máa rí àmì kékeré kan tó ń dán tí wọ́n kọ KOMCA sí, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn tó kọ orin níbẹ̀. Kò sí lára gbogbo wọn, nítorí náà ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú: ayédèrú máa ń ṣókùnkùn lójú, etí lẹ́tà rẹ̀ kì í mú.

Ní ti ìtọ́jú, òjò ni ọ̀tá wa nílé níbí, ju oòrùn lọ. Bébà ń fa omi mu, á ká kò, á hu funfun. Àwọn àpò kékeré tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun, ẹ má jù wọ́n nù, ẹ kó wọn sórí pẹpẹ. Ọ̀rá tẹ́ ẹ máa fi káàdì sí, kó máà jẹ́ èyí tí wọ́n fi irú ike tí wọ́n ń pè ní PVC ṣe, tó bá pẹ́ á lẹ̀ mọ́ fọ́tò, ẹ ò sì ní lè yọ ọ́ mọ́. Mo pàdánù káàdì méjì báyẹn kí n tó mọ̀.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ti ń ká aṣọ kúrò lórí tábìlì. Tear ẹ̀yà R ni dúdú yẹn. Her ẹ̀yà L ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun gan-an ni páálí ọdún 2017 tí mo sọ. BE ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Proof. Síídì Her ti wà nínú ẹ̀rọ, ó ti wà lórí orin kẹjọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á lẹ́yìn ìkẹsàn-án. Omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ìnuwọ́ sì wà lórí àga. Màmá tó ní ẹ̀rọ síídì nílé, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wá.